Àfọ́kù Búlọ́ọ̀kù Nínú Kọ̀ǹpútà

Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni Àsíátù bá nínú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n fi àkísà wé e kí ó má baà máa yí kiri nínú àpótí. Kò sí wáyà kan, kò sí irin kan, kò sí ohunkóhun tí iná lè wọ̀. Ó ṣí èkejì: àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Ó ṣí ẹ̀kẹta: yanrìn ni wọ́n dì sínú ọ̀rá. Omi òjò ń kán láti òkè àjà sórí aṣọ funfun tí wọ́n fi bo àwọn tó kù, Àsíátù sì dúró láàárín yàrá náà láìwọ bàtà, ìdérí àpótí lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò wá tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ó tètè dé kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni, òjò sì ká a mọ́ ibẹ̀. Nígbà tó rí i láti ojú fèrèsé onígíláàsì pé òrùlé ń jò sórí àwọn kọ̀ǹpútà, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó sáré wọ yàrá tí wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ wọ̀, kó lè nu omi inú wọn kó tó bà wọ́n jẹ́. Àánú kọ̀ǹpútà ló ṣe é.

"Ta ló ní kí o wọ ibí?"

Dókítà Májẹ́kódùnmí, olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Agboòrùn rẹ̀ ń kán sórí bàtà rẹ̀ tó ń dán.

"Òjò ń jò sí wọn, sà."

"Kí lo rí?"

"Sà?"

"Mo ní kí lo rí, Àsíátù Gbàdàmọ́sí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

Ọkùnrin náà ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó gba ìdérí lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e padà, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e bí ẹni tó ń bo ọmọ tó sùn.

"O gbọ́n," ó ní. "Ìwọ lo gbọ́n jù nínú gbogbo wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó pàdánù ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nítorí ẹnu. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí màmá rẹ ti ń ránṣọ ní Ìbà. Pákó ni wọ́n fi kàn án, àbí? Pákó kì í pẹ́ gbiná."

Ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Àsíátù gbé bàtà rẹ̀ dání, ó rìn jáde sínú òjò.

Ọdún 1993 nìyẹn. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó yege ìdánwò jókòó sílé, wọ́n ń wo òkè. Ìgbà yẹn gan-an ni Dókítà Májẹ́kódùnmí kan pátákó mọ́ ilé alájà kan lẹ́bàá títì ní Okokomaiko. Ó ní ẹ̀ka yunifásítì ńlá kan ní òkè Ọya ni, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìdáṣẹ́sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Àsíátù ti rí àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà náà. Ó jẹ́ kí àyè náà lọ. Àmọ̀kẹ́ ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ta ẹ̀rọ ìránṣọ oníná rẹ̀ láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́, ó padà sórí èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ wà. Lálaalẹ́ ló máa ń fi òrí pa orúnkún.

Inú yàrá onígíláàsì ni àwọn kọ̀ǹpútà wà, wọ́n tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń tàn, èyí tó wà níwájú. Bó bá di ọjọ́ Ẹtì, Dókítà á wọlé lọ, á bọ́ bàtà, á jókòó tì í, á máa tẹ̀ ẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á lẹ imú mọ́ gíláàsì, wọ́n á máa wo lẹ́tà aláwọ̀ ewé tó ń sáré lójú rẹ̀. Tiwọn, orí ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

"Òógùn ọwọ́ ló ń fa fáírọ́ọ̀sì sí kọ̀ǹpútà," ni Dókítà máa ń sọ. "Ẹ jẹ́ kí ọgbọ́n kọ́kọ́ wọ orí yín. Lọ́dún kejì lẹ máa fọwọ́ kàn án."

Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Ohun tó sì mú wọn gbà á gbọ́ ni pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kọ́. Ó lè dúró síwájú pátákó pẹ̀lú ẹfun kan, kó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ̀lé àṣẹ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bí ó ṣe ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè, tí yóò sì yà síbí tàbí sọ́hùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn náà bá ṣe rí, títí tí orí ẹni tó wá láti oko pàápàá yóò fi là. Bí Àsíátù bá ń rìn lọ sílé, ó máa ń rí ayé bí ìlà àṣẹ: bí iná bá wà, lọ sídìí ẹ̀rọ ata; bí kò bá sí, padà sórí ọlọ.

Ọjọ́ kejì òjò yẹn ló lọ bá Kàsúmù. Kàsúmù ló dàgbà jù ní kíláàsì wọn. Akọ̀wé tó ń tẹ táípù ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ pé kọ̀ǹpútà ń bọ̀, pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò yóò gba ilé lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó níwájú kíláàsì bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Búlọ́ọ̀kù ló wà nínú wọn, Bọ̀ọ̀dá Kàsúmù."

"Nínú kí ni?"

"Nínú àwọn kọ̀ǹpútà. Mo fi ojú mi rí i."

"Àsíátù, ta ló rán ọ sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Ṣé o fẹ́ ba tiwa jẹ́ ni? Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè, àwọn tó ń kọjá bojú wò wọ́n. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Búlọ́ọ̀kù báwo?"

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí ẹ fi ojú ara yín rí i."

Wọ́n lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbàyàwù. Pátákó orúkọ ti kúrò lára ilé, àwọn àpótí ti lọ, ẹ̀rọ amúlétutù ti lọ, ihò ńlá ló kù lára ògiri. Lórí tábìlì gígùn, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ni wọ́n tò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ níbi tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀. Dókítà ti kó wọn jáde kí ẹrù má baà wúwo. Kàsúmù gbé ọ̀kan, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó gbé e kalẹ̀. Ó wá jókòó sórí àga tó ti ń jókòó sí láti oṣù wọ̀nyí wá, ó dojú kọ pátákó ìkọ̀wé. Iṣẹ́ àná ṣì wà lójú pátákó náà, wọn kò tíì nù ún.

Ọjà Àlàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ. Àsíátù rò ó pé àpótí kọ̀ǹpútà tó ṣófo kì í já bọ́ láti ọ̀run, ẹnì kan ló ń tà á. Wọ́n bèèrè láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ Ìbò kan tó ń jẹ́ Okwudili, tó jókòó sáàárín egungun tẹlifíṣọ̀n àti rédíò tó ti kú.

"Èyí tó ti kú? Èmi ni mò ń tà á," ni Okwudili wí. "Èèyàn ń rà á nítorí páàtì inú ẹ̀."

"Ṣé ẹnì kan wà tó ń ra èyí tí kò ní nǹkan nínú?" Kàsúmù bèèrè.

"Ọ̀gá kan wà. Onígíláàsì lójú, bàtà ẹ̀ máa ń dán. Ó ní fíìmù làwọn ń ṣe, pé àwọn ò nílò inú ẹ̀."

"Fíìmù?"

"Ṣebí gbogbo èèyàn ló ń ṣe fíìmù báyìí. Wetin happen?"

Àsíátù ṣàlàyé. Ọkùnrin náà pa irin oníná tó fi ń jó wáyà pọ̀. "Chineke," ó ní. "Ó wá lánàá. Ó tún ra púpọ̀. Alábàárù gbé e lọ sí Ajangbadi, ilé aláwọ̀ pupa lẹ́yìn ilé-epo. My sister, ẹ má dárúkọ mi níbẹ̀ o. Ọjà ni mo tà."

Ní Ajangbadi, ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé pupa náà, ó ń jẹ àgbàdo.

"Dókítà wà nílé?" ni Kàsúmù bi í.

"Dókítà wo? Ọsibítù kọ́ nìyí."

"Májẹ́kódùnmí."

"Kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ máa lọ."

Ṣùgbọ́n Àsíátù ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tó máa ń hó bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Ó mọ̀ ọ́n. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Bó ti yọ sí ẹ̀yìnkùlé, Dókítà ń jáde lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, sálúbàtà ló wọ̀ sẹ́sẹ̀, báàgì wà ní apá rẹ̀. Kàsúmù yọ láti apá kejì, ó di ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Dókítà, ẹ dúró! Ẹ kàn bá wa sọ̀rọ̀!"

Títí di ìgbà yẹn, "ẹ" ló ṣì ń pè é. Dókítà fi báàgì gbá a létí, ẹ̀wù náà ya, ọwọ́ ẹ̀wù kù sọ́wọ́ Kàsúmù. Ọlọ́kadà kan ń kọjá; Dókítà fò lé e, ó sì di eruku.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, kọ́púrà tó wà nídìí káúńtà fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

"Kí ló jí gan-an?"

"Ó gbà wá lówó. Ó parọ́ fún wa," Àsíátù sọ.

"Ṣé ó fi ìbọn gbà á ni? Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín fún un. Ó sì kọ́ yín, àbí kò kọ́ yín?"

"Ó kọ́ wa."

"Kí wá ni ẹjọ́ yín?"

Ẹnì kan ló dáhùn láti inú yàrá kejì: "Kọ́púrà, jẹ́ kí wọ́n wọlé." Ìyáàfin Ọmọ́yẹni ni, ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin kan tó ṣígbọnlẹ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn látòkè délẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó pe yunifásítì òkè Ọya náà lórí fóònù, ọjọ́ mélòó kan ló sì gbà kó tó rí wọn bá sọ̀rọ̀. Wọn kò mọ Dókítà kankan ní Okokomaiko.

"Yóò tún ṣí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn," ni Ọmọ́yẹni wí. "Kò ra àpótí wọ̀nyẹn láti fi sun oorun. Ẹ la ojú yín sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ wá bá mi."

Lásìkò ìdúró yẹn ni kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì Kàsúmù. Ọ̀gá bèèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, Kàsúmù sì nawọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ti sọ fún wọn tipẹ́ pé òun ń kọ́ ọ ní yunifásítì. Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó tún táì ṣe. Ó mọ bí a ṣe ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ yóò fi ṣe ìṣirò owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dunjú. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà náà. Ó wá iwájú, ó wá ẹ̀gbẹ́, ó fọwọ́ pa á lára bí afọ́jú. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì kan, ojú ẹ̀rọ náà tàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fún Kàsúmù níwèé pé kó máa lọ sílé.

Nígbà tó ń ròyìn rẹ̀ fún Àsíátù, kò sunkún. "Bọ́tìnì, Àsíá," ó kàn ń sọ. "Bọ́tìnì lásán."

Kàsúmù náà ló rí ìwé ìkéde kan lára ògiri ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, níbi tó ti ń wá iṣẹ́ kiri. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ti yàtọ̀, orúkọ ọ̀gá ti yàtọ̀: Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánkọ́lé ló ń jẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ gàdàgbà sísàlẹ̀ ló mú Kàsúmù dúró: MÁ JẸ́ KÍ KỌ̀ǸPÚTÀ GBA IṢẸ́ RẸ. WÁ KỌ́ Ọ. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Kàsúmù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Dókítà lọ́jọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀ ní Okokomaiko, pé òun kò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ òun. Ọkùnrin náà ti sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ di ìpolówó ọjà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Àsíátù wọ gbọ̀ngàn kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, ó fi ìbòrí bo ẹnu àti imú, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ìyáàfin Ọmọ́yẹni jókòó tì í nínú ìró àti bùbá, bí ẹni tó mú àbúrò wá forúkọ sílẹ̀. Ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní kí Kàsúmù dúró sílé, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ìsàlẹ̀ fèrèsé ló dúró sí.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn ọ̀dọ́ ni, àwọn ìyá wọn, ìyàwó ilé kan tó gbé ọmọ pọ̀n. Níwájú, àwọn àpótí wà lórí tábìlì lábẹ́ aṣọ funfun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bánkọ́lé mú ẹfun.

"Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa kọ́ nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù, ó dùn. "Nínú kọ̀ǹpútà, àpótí kéékèèké wà. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè yí padà, orúkọ kò ní yí. Bí o bá pe orúkọ àpótí náà, kọ̀ǹpútà kò ní wo orúkọ. Inú àpótí ni yóò wò. Bí o kò bá fi nǹkan kan síbẹ̀ ńkọ́? Òdo ni yóò bá. Ẹ gbọ́ mi?"

"A gbọ́, sà!"

Ìyá ọlọ́mọ yẹn ń mi orí, ojú rẹ̀ ń tàn. Àsíátù rí i. Ó mọ irú ayọ̀ yẹn. Òun náà ti ní in. Ó nawọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn."

Ó dìde. "Sà, ẹ jọ̀wọ́, kí ló wà nínú àpótí tó wà lẹ́yìn yín?"

Ọkùnrin náà dá ẹfun dúró. Ó mọ ohùn náà.

"Ìbéèrè dáadáa," ó ní díẹ̀díẹ̀. "A máa dé ibẹ̀ lọ́dún kejì."

"Ẹ jẹ́ ká dé ibẹ̀ lónìí."

Àsíátù ti ń rìn bọ̀ láàárín àga. Kò sáré. Ó ká aṣọ funfun, ó fa ìdérí àpótí àkọ́kọ́, ó sì yí i dànù. Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù já lulẹ̀ gbì, ó yí dé iwájú ìyá ọlọ́mọ. Ó fa èkejì. Yanrìn tú sílẹ̀. Ariwo bẹ́ nínú gbọ̀ngàn.

Ìyáàfin Ọmọ́yẹni dìde. "Ọlọ́pàá! Dúró níbẹ̀!"

Ọkùnrin náà gba fèrèsé. Ó rọ̀ mọ́ irin, ó fò sílẹ̀, ó bọ́ sórí òkìtì yanrìn ọmọlé, ó dìde, ó tiro. Kàsúmù ló dìmọ́ ọn. Kò di ọwọ́ ẹ̀wù mú lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbáròkó ló dì mú, ó di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà gbá a létí, ó gé e jẹ lápá, Kàsúmù kò tú u sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, àwọn gan-an ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ kí àwọn lè rí ọwọ́ rẹ̀ dè.

"Orúkọ rẹ?" Ìyáàfin Ọmọ́yẹni bèèrè ní àgọ́.

"Dókítà Májẹ́—"

"Orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́."

"Ẹ̀hìndé. Ẹ̀hìndé Àkànjí."

"Ta ló fi ọ́ jẹ Dókítà?"

"Èmi fúnra mi ni."

"Níbo lo ti kọ́ ohun tí o ń kọ́ wọn?"

Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun ti wọ yunifásítì rí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn gíláàsì ló wà. Orí ìwé làwọn ń kọ iṣẹ́ sí. Àwọn á gbé e fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, èsì á pẹ́ kó tó jáde, bí àmì kékeré kan bá sì yẹ̀, a jẹ́ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Òun fìdí rẹmi, wọ́n lé òun.

"Ìka mi ò kan kọ̀ǹpútà títí mo fi kúrò níbẹ̀," ó ní.

"Torí náà lo ṣe di búlọ́ọ̀kù sínú tiwa?" Kàsúmù ló sọ̀rọ̀. Etí rẹ̀ ti wú.

Ẹ̀hìndé gbójú sókè. Àsíátù ló wò. "Ìwé ẹ̀rí, irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà, irọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ yín, kì í ṣe irọ́. Àsíátù, sọ fún wọn. Ṣé irọ́ ni?"

Kò sí ohun tí Àsíátù fẹ́ ní ọjọ́ náà bíi kó lè sọ pé irọ́ ni. Ó dìde, ó jáde.

Ilé-ẹjọ́ ju Ẹ̀hìndé sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ta ọkọ̀ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀, wọ́n pín owó náà fún àwọn tó lù ní jìbìtì. Nígbà tí ìpín Àsíátù dé, Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ oníná mìíràn, àlòkù, èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀. Orúnkún rẹ̀ sinmi. Ìyá ọlọ́mọ ti Ọ̀tọ̀-Àwórì wá láti dúpẹ́, torí ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn ni ì bá san owó tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-ẹjọ́ tó lè dá iṣẹ́ Kàsúmù padà. Abẹ́ agboòrùn kan ní Ìbà ló ń jókòó sí báyìí, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ lẹ́tà lórí táípù. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó máa ń béèrè ohun mìíràn.

Àsíátù tún ìdánwò ṣe. Nígbà tó wọ yunifásítì gidi ní Ọ̀jọ́, àwọn ọmọ tó fi ọdún púpọ̀ dàgbà jù lọ ló bá jókòó ní ọdún kìíní, ní ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó ka ohun tó kọ́ ní Okokomaiko sí. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fún wọn níṣẹ́ sórí ẹ̀rọ. Ti Àsíátù ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kò ní àṣìṣe kan. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ rẹ̀, ó kà á látòkè délẹ̀, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹni tó kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ́," ó ní. "Ta ni?"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Ojú Àsíátù gbóná. Ó rò ó láti pa irọ́, kò sì rí irọ́ tó wọ ẹnu rẹ̀.

"Olè kan ni, mà," ó ní.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Wọ́n rò pé ó ń ṣàwàdà ni.